Àpótí Tí Iyanrìn Ṣì Wà Nínú Rẹ̀

Ìyùnadé, gbé àpótí yẹn sórí bẹ́ńṣì,
kí n bá ọ di ẹrù kí iná tó lọ.
Òjò ti ń ṣú bọ̀ láti apá Ẹlẹ́yẹlé,
bó bá dé, páànù Òkè-Àdó kò ní jẹ́ ká gbọ́ra wa.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní ìlú etíkun yẹn,
mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tó wá yá oòrùn.
Gbọ́ tèmi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú físà.

Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí wọn kí o tó wo ọjà.
"Bọnjọ́nò," ó ti tó.
Má béèrè iṣẹ́, má béèrè ọmọ,
má béèrè bóyá ara bàbá ti yá.
Ìkíni tiwọn kúrú bí ìrù ewúrẹ́,
ṣùgbọ́n ẹni tí kò kí wọn rárá, wọn kò ní rí i.

Má fọwọ́ kan tòmátì.
Mo mọ̀, ní Ṣáṣá à ń tẹ̀ ẹ́, à ń yí i padà,
à ń bá a ṣẹjọ́ kó tó wọ inú báàgì.
Níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ ọ̀rá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀;
bí kò bá sí, nàka, kí olójà mú un fún ọ.
Obìnrin kan gbá mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì mi.
Ọwọ́ náà ṣì ń ta mí nígbà ọyẹ́.

Kọfí wọn kò ju ìdérí ìgò lọ.
Orí ìdúró ni kí o ti mu ún,
bí o bá jókòó, ìjókòó náà lówó lórí.
Èyí tí wọ́n bu mílíìkì sí, àárọ̀ nìkan ni.
Mo béèrè rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ kan,
ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wò mí
bí ẹni tó fi ògì jẹ ẹ̀bà.

Láti aago kan títí di mẹ́rin, ìlú a pa lọ́lọ́.
Má kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.
Kì í ṣe orò ló jáde. Oorun ni.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin: ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri,
fi í bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó gé e jẹ kí o tó wọkọ̀.
Èmi ò mọ̀. Àádọ́ta yúrò!
Mo sunkún, mo fi ẹnu Ìbàdàn bú wọn dé ìran kẹta,
wọ́n ní kí n rìnrìn àjò ire.

Aṣọ ìwẹ̀, etí omi ló mọ.
Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan títì, ró nǹkan mọ́dìí.
Ìyẹn ò ní nira fún ọmọ tí Àlàájà tọ́.

Má kúnlẹ̀ kí àgbà.
Mo kúnlẹ̀ rí, mo gbàgbé ni.
Sìnyóra Ẹlídè, onílé mi, ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn,
orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà.
Ó ké. Ó rò pé mo ṣubú ni.
Ó gbá mi mú, ó ń wá ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.
Mo ṣàlàyé, kò fèsì.
Lọ́jọ́ kejì, mo bá a ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn,
ó ti wọ bàtà, ó ti yarun, ó dúró,
ó ń retí.
Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í pè é.

Nítorí náà, bí mo ṣe ní kí o má kúnlẹ̀ un...
mi ò mọ̀. Wo ojú ẹni náà ná.

Mú gaàrí yìí, tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Àbí kí ló ń dà sílẹ̀ yìí?
Ọdún méje tí mo ti dé,
mo gbọn àpótí yìí, mo nù ún, mo sá a sóòrùn,
wo iyanrìn lórí símẹ́ńtì wa.

Fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀.
Òjò ti dé.